Ilé Kẹta: Bí Gbọ̀ngàn Àwọn Fírímésìn ní Lọ́ńdọ̀nù Ṣe Di Ohun Tó Jẹ́

Ibi tí òpópónà Great Queen ti pàdé òpópónà Wild ní Lọ́ńdọ̀nù ni ilé náà dúró sí. Irin ni egungun rẹ̀, òkúta Portland tó funfun ni wọ́n fi bò ó lára, ilé ìṣọ́ gíga kan sì yọrí lókè ẹnu ọ̀nà. Lọ́ọ̀jì Àgbà Ìṣọ̀kan ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àjọ tó ń darí ẹgbẹ́ Fírímésìn níbẹ̀, ló ni ín. Ọdún 1927 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọdún 1933 ni wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún ìlò. Ẹni tó bá wò ó láti ìta lè rò pé inú irú ilé báyìí ni ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ yìí ti ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé kẹta tí wọ́n kọ́ sí àdúgbò kan náà nìyí, ohun tí kò tọ́ lára méjì àkọ́kọ́ ló sì pinnu bí ẹ̀kẹta ṣe rí.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀, òun náà ni a ó máa tọpa rẹ̀ dé òpin: yàrá tí àjòjì kò gbọdọ̀ wọ̀ ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n owó àjòjì ló ń bọ́ ilé tí yàrá náà wà nínú rẹ̀.

Kí ilé tó wà

Ìtàn tí ẹgbẹ́ náà ń sọ nípa ara rẹ̀ ni pé ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 1717, lọ́ọ̀jì mẹ́rin, ìyẹn ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà mẹ́rin, pàdé ní ilé ọtí kan tó ń jẹ́ Goose and Gridiron, lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì St Paul, wọ́n sì dá Lọ́ọ̀jì Àgbà sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, Lọ́ọ̀jì Àgbà kò ní ilé tirẹ̀. Yàrá ilé ọtí ni àwọn lọ́ọ̀jì fi ń ṣe ibi ìpàdé, orúkọ ilé ọtí tí wọ́n ti ń pàdé ni wọ́n sì fi ń dá lọ́ọ̀jì kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Bí lọ́ọ̀jì bá kó kúrò lọ́dọ̀ onílé ọtí kan, ó di dandan kí orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí yí padà.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá láti sọ yàrá ọtí di tẹ́ḿpìlì fún wákàtí mélòó kan yẹ ní mímọ̀, nítorí pé àmì rẹ̀ ṣì wà nínú gbogbo yàrá lọ́ọ̀jì títí dòní. Tyler, ìyẹn aṣọ́nà tó ń dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ló máa ń ṣáájú dé. Yóò fi ṣọ́ọ̀kì àti èédú ya àwòrán lọ́ọ̀jì sórí pákó ilẹ̀: òpó méjì, àtẹ̀gùn, oòrùn, òṣùpá, àti àwọn irin iṣẹ́ bíríkìlà. Orí àwòrán yìí ni ètò ìgbàwọlé dá lé. Bí ètò bá ti parí, wọ́n á gbé garawa omi àti ìnulẹ̀ wá, wọ́n á sì nu gbogbo rẹ̀ mọ́ kí ìránṣẹ́ ilé ọtí tó gbé oúnjẹ wọlé. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé gan-an ni wọ́n sábà máa ń fún ní ìnulẹ̀ náà. Nígbà tó yá, aṣọ tí wọ́n ti ya àwòrán sí, tí wọ́n lè ká bí ẹní, rọ́pò ṣọ́ọ̀kì. Lẹ́yìn aṣọ ni pátákó tí wọ́n ń gbé dúró wá dé. Ìpele mẹ́ta ni ẹgbẹ́ náà ní, pátákó kọ̀ọ̀kan sì wà fún ìpele kọ̀ọ̀kan.

Àwọn lọ́ọ̀jì kéékèèké lè máa fara da èyí. Ẹni tí kò lè fara dà á ni Lọ́ọ̀jì Àgbà, tó ní láti kó aṣojú gbogbo lọ́ọ̀jì jọ sójú kan, tó sì ní àsè ọdọọdún láti ṣe. Gbọ̀ngàn àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń háyà fún àsè náà.

Gbọ̀ngàn inú ọgbà

Ní ọdún 1774, wọ́n ra ilé kan ní òpópónà Great Queen tí ọgbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò wó ilé iwájú. Inú ọgbà ẹ̀yìn ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn sí, wọ́n sì sọ ilé iwájú di ilé ọtí àti ilé àsè tí wọ́n pè ní Freemasons' Tavern. Thomas Sandby, ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ilé yíyà ní Royal Academy, ló ya àwòrán gbọ̀ngàn náà. Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1775, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà ní ọdún 1776. Ọ̀gá Àgbà, ìyẹn olórí gbogbo ẹgbẹ́, ní ìgbà náà ni Lord Petre, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 1738 ni Póòpù ti ka ẹgbẹ́ náà léèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí owó ilé náà kì í ṣe èyí tí a sábà ń rí mọ́. Ipín 100 ni wọ́n gé, wọ́n sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní £50, ìyẹn £5,000 lápapọ̀. Èlé márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, £250 lọ́dún, ni àwọn tó ra ipín yóò máa pín láàárín ara wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àwọn ẹbí rẹ̀ kò ní jogún ipín náà. Ìpín òkú yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ṣì wà láàyè, títí tí ẹni tó kẹ́yìn yóò fi máa gba gbogbo £250 náà nìkan. Bí òun náà bá kú, gbèsè ti tán. Tontine ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó yá owó kò ní wá olú-owó dá padà láéláé, ìyẹn ni adùn rẹ̀. Ìkorò rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí sísan èlé yóò dópin, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n fi ṣe òǹkà.

Èlé yẹn, àti àtúnṣe ilé, ló mú kí wọ́n máa fi gbọ̀ngàn háyà. Láti ọdún 1784, ẹgbẹ́ olórin Academy of Ancient Music ń ṣeré níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1840, níbẹ̀ ni ìpàdé àgbáyé àwọn tó ń gbógun ti òwò ẹrú ti bẹ̀rẹ̀, tí Thomas Clarkson arúgbó sì sọ̀rọ̀ ìṣílé. Ilé ọtí iwájú náà kò gbẹ́yìn: ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1863, inú rẹ̀ ni àwọn aṣojú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù ti dá Football Association sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ òfin bọ́ọ̀lù lórí kò mọ̀ pé ilé ọtí Fírímésìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò wọn.

Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú ìkọ́lé bẹ́ẹ̀ fà. Gbọ̀ngàn tó wà nínú ọgbà kò ní ojú tirẹ̀ sí pópó. Ilé onílé yí i ká, nítorí náà kò lè fẹ̀ sí i àfi bí wọ́n bá ra ilé aládùúgbò. Ẹnu ọ̀nà ibi ètò ẹgbẹ́ àti ibi ọtí wà pọ̀. Ariwo àsè ilé iwájú sì ń dé inú gbọ̀ngàn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá ọdún 1813, Lọ́ọ̀jì Àgbà méjì tó ti ń bára wọn jà láti ọdún gbọọrọ parapọ̀ di ọ̀kan nínú gbọ̀ngàn yìí, lábẹ́ àwọn ọmọ ọba méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá, Dúùkù ti Kent àti Dúùkù ti Sussex. Láti ọjọ́ náà ni àyè kò ti gba èrò mọ́. John Soane fi gbọ̀ngàn mìíràn kún un lẹ́yìn ọdún 1828. Kò pé ogójì ọdún tí wọ́n fi wó ìyẹn nígbà tí Frederick Pepys Cockerell ń kọ́ ilé kejì, láàárín ọdún 1864 sí 1869.

Ohun tí Cockerell ṣe ni kó fi ilé tuntun yí gbọ̀ngàn Sandby ká, kó sì fún un ní ojú tó dára sí pópó. Èyí ni a kà sí àṣìṣe tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rọrùn láti lóye ìdí rẹ̀: kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan yàrá tí àwọn baba ti parapọ̀ ní ọdún 1813. Wọ́n na owó sára èèpo, wọ́n fi kókó sílẹ̀ bó ṣe wà. Iná jó gbọ̀ngàn àtijọ́ náà ní ọdún 1883, wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n tún ń lò ó lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá, wọ́n ní láti jáde nílé. Nígbà tí wọ́n fi Dúùkù ti Connaught jẹ Ọ̀gá Àgbà ní ọdún 1901, Royal Albert Hall, gbọ̀ngàn eré ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n lọ.

Owó òkú ogun

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, àwọn Fírímésìn tó kú sójú ogun lé ní 3,000. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn tó ń wọlé tuntun pọ̀ débi pé láàárín ọdún mẹ́ta wọ́n dá lọ́ọ̀jì tó lé ní 350 sílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1919, níbi ìpàdé àjọyọ̀ àlàáfíà ní Royal Albert Hall, wọ́n gbé àbá Ọ̀gá Àgbà kalẹ̀: kí ohun ìrántí àwọn òkú náà jẹ́ ilé tuntun. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1920, ìkówójọ bẹ̀rẹ̀. Mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ni wọ́n fojú sùn, orúkọ tí wọ́n sì fún àpò owó náà ni Masonic Million Memorial Fund.

Ètò ìkówójọ náà fìdí múlẹ̀ ju ti tontine lọ. Ẹni tó bá dá gínì mẹ́wàá, ìyẹn £10 àti sílè mẹ́wàá, yóò gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà tí wọ́n ń pè ní Hall Stone Jewel. Ẹni tó bá dá ọgọ́rùn-ún gínì yóò gba ti wúrà. Cyril Spackman ló ya àmì náà: ó ní àwòrán àgbélébùú, ọdún 1914 àti 1918 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì, áńgẹ́lì àlàáfíà sì gbé tẹ́ḿpìlì dání láàárín. Lọ́ọ̀jì pàápàá ní tirẹ̀. Bí owó tí lọ́ọ̀jì kan dá, tí a bá pín in sórí iye ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, bá tó gínì mẹ́wàá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pè é ní Hall Stone Lodge, Ọ̀gá lọ́ọ̀jì náà á sì máa fi àmì náà kọ́ ọrùn nígbàkígbà tó bá wà lórí àga. Fún lọ́ọ̀jì tó ní ọgọ́ta ọmọ ẹgbẹ́, 600 gínì nìyẹn, £630.

Àmì 53,224 ni wọ́n fún àwọn ènìyàn, lọ́ọ̀jì 1,321 nílé àti lókè òkun sì dé ojú ìwọ̀n. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn 53,224 náà bá san iye tó kéré jù lọ, ìyẹn nìkan ti lé ní £558,000. Nígbà tí wọ́n ti àpò náà pa ní ọdún 1938, owó inú rẹ̀ ti kọjá mílíọ̀nù kan tí wọ́n fojú sùn. Ọdún náà sì jẹ́ ọdún karùn-ún lẹ́yìn tí ilé ti parí, èyí tó fi hàn pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí owó tó pé. Ìgboyà ni, ṣùgbọ́n ìgboyà tó ní ìdí ni, nítorí àmì tí Ọ̀gá lọ́ọ̀jì kan fi kọ́ ọrùn ni Ọ̀gá lọ́ọ̀jì kejì yóò máa wò.

Yàrá nínú ikùn ilé

Ìdíje ni wọ́n fi yan àwòrán ilé. Àwòrán 110 ló wọlé. Edwin Lutyens, ayàwòrán ilé, ni alága àwọn tó yẹ̀ wọ́n wò. H. V. Ashley àti F. Winton Newman ló gbégbá orókè. Ilẹ̀ náà kò dọ́gba, òpópónà méjì ló gé e ní igun, tí ilé àsè tí a mọ̀ sí Connaught Rooms lónìí sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tí wọ́n ṣe sí ìṣòro yìí ni ó mú kí ilé kẹta yàtọ̀: wọ́n gbé Tẹ́ḿpìlì Àgbà sí àárín gbùngbùn ilẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ́fíìsì àti yàrá lọ́ọ̀jì kéékèèké yí i ká. Ògiri tẹ́ḿpìlì kò kan pópó níbikíbi. Ohun tí ilẹ̀ kò dọ́gba sí, àwọn yàrá ẹ̀gbẹ́ ló gbé e. Tẹ́ḿpìlì fúnra rẹ̀ ní igun mẹ́rin tó gún régé. Ẹni tó bá ti gé aṣọ lára àwẹ́ tó wọ́ yóò mọ irú ọgbọ́n yìí.

Wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1927. Nínú àṣà ẹgbẹ́ náà, ìgbésẹ̀ tó wà nínú èyí kì í yí padà. Ọ̀gá Àgbà yóò fi okùn ìwọ̀n wò ó bóyá òkúta náà dúró ṣánṣán, yóò fi irinṣẹ́ ìwọ̀n wò ó bóyá ó tẹ́jú, yóò sì fi ti igun wò ó bóyá ó dọ́gba. Yóò fi òòlù pákó kàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ọkà, wáìnì àti òróró sí i. Ṣùgbọ́n ibi ìkọ́lé kò lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tó fẹ́ wò ó, nítorí náà Royal Albert Hall ni Dúùkù ti Connaught dúró sí, agbára iná mànàmáná ló sì gbé òkúta náà sọ̀ kalẹ̀ ní òpópónà Great Queen. Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọdún 1927 ni, iná mànàmáná ṣì ní ògo tirẹ̀.

Gbọ̀ngàn Sandby ṣì wà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Àyẹ̀wò ló wá fi hàn pé egungun rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n sì wó o ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìpinnu tí Cockerell kò lè ṣe ní ọdún 1864 wá ṣe ara rẹ̀.

Ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé inú tẹ́ḿpìlì gùn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Láti ẹnu ọ̀nà abẹ́ ilé ìṣọ́, wàá gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè kìíní. Wàá kọ́kọ́ dé ìloro ibi tí fèrèsé gíláàsì aláràbarà kan wà, tó sọ bí a ṣe ń dé inú àlàáfíà nípasẹ̀ ìrúbọ. Áńgẹ́lì inú rẹ̀ gbé àwòrán ilé náà gan-an dání. Lábẹ́ fèrèsé yìí ni pósí idẹ tí Walter Gilbert ṣe wà, tí ìwé awọ tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú sójú ogun sí wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀ sáàárín esùsú ni àwòrán pósí náà, ìyẹn ìrìn àjò tó ti dópin. Àwòrán Mósè, Jóṣúà, Sólómọ́nì àti Jọ́ọ̀jì Mímọ́ tí wọ́n fi wúrà bò wà níwájú rẹ̀. Ìloro míràn tún tẹ̀lé e kí o tó dé ibi ilẹ̀kùn idẹ aláwẹ́ méjì. Àwẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn tọ́ọ̀nù kan àti ìdámẹ́rin, wọ́n sì fín àwòrán bí wọ́n ṣe kọ́ tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì sí i lára.

Inú tẹ́ḿpìlì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 123, ó fẹ̀ ní 90, ó ga ní 62. Ó ń gba nǹkan bí 1,700 ènìyàn ní ìjókòó. Mósáíkì ni etí àjà rẹ̀ yíká: àtẹ̀gùn Jékọ́bù wà níbẹ̀, ìwà rere mẹ́rin, ìyẹn ọgbọ́n inú, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìgboyà àti òdodo, sì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n tún fi àmì ìdílé Dúùkù ti Connaught sí i, nítorí pé òun ló dá àbá ilé náà.

Bí wọ́n ṣe ń lo yàrá lọ́ọ̀jì

Yàtọ̀ sí Tẹ́ḿpìlì Àgbà, yàrá lọ́ọ̀jì tó lé ní ogún wà nínú ilé yìí. Àwọn ni iṣẹ́ pọ̀ fún jù lọ, nítorí lọ́ọ̀jì púpọ̀ ló ń pín yàrá kan náà lò. Bí a bá mọ bí ọ̀kan ṣe rí, a ti mọ ìyókù.

Ìlà-oòrùn ni ibi tí Ọ̀gá lọ́ọ̀jì jókòó sí, kódà bí ìlà-oòrùn tòótọ́ bá wà níbòmíràn. Olùtọ́jú Àgbà dojú kọ ọ́ láti ìwọ̀-oòrùn, Olùtọ́jú Kejì wà ní gúúsù. Àríwá kò ní àga olóyè mẹ́ta yìí. Akọ̀wé ló sábà ń jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú tábìlì rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì onígun dúdú àti funfun wà láàárín ilẹ̀. Òkúta méjì wà, èyí tí a kò tíì gbẹ́ àti èyí tí a ti gbẹ́ dán. Lẹ́tà G máa ń rọ̀ láti àjà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sábà sí pẹpẹ láàárín yàrá bíi ti Amẹ́ríkà. Orí tábìlì tó wà níwájú Ọ̀gá ni Ìwé Mímọ́ wà, pẹ̀lú irinṣẹ́ igun àti kọ́ńpáàsì lórí rẹ̀. Ẹ̀sìn ẹni tó fẹ́ búra ló ń sọ irú ìwé mímọ́ tí wọ́n á gbé wá fún un.

Ẹni tó ń to yàrá yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wúwo, yóò sì parí sórí ohun tó kéré: àga àti tábìlì olóyè mẹ́ta, àbẹ́là mẹ́ta, tìmùtìmù ìkúnlẹ̀, òòlù kéékèèké, ọ̀pá àwọn Díákónì (àwọn olóyè tó ń jíṣẹ́ nínú lọ́ọ̀jì), pátákó ìpele, irin iṣẹ́ ìpele, àpótí ìdìbò. Ibi tí nǹkan ti sábà ń bàjẹ́ ni pátákó àti irin iṣẹ́, torí irin iṣẹ́ ìpele kìn-ín-ní kì í ṣe ti kejì. Tí lọ́ọ̀jì méjì bá lo yàrá náà tẹ̀léra lọ́jọ́ kan, ti lọ́ọ̀jì àkọ́kọ́ lè wà nílẹ̀ fún ti èkejì. Àpótí ìdìbò náà ní ìṣòro tirẹ̀: bọ́ọ̀lù dúdú, èyí tí wọ́n fi ń kọ ẹni, tó bá há sínú rẹ̀ láti ìpàdé ìṣáájú lè ba orúkọ ẹni tó fẹ́ wọlé jẹ́ láìṣẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ó ṣófo kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú jù ni kí wọ́n gbàgbé ìwé àṣẹ lọ́ọ̀jì sílé. Láìsí ìwé àṣẹ náà níbi ìpàdé, lọ́ọ̀jì kò gbọdọ̀ ṣí, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó.

Bí wọ́n bá ti ṣe tán, Tyler á jáde, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Aṣọ́nà inú á dúró sí tirẹ̀ nínú. Kíkàn tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ló ń sọ ẹni tó wà níta àti ìpele tí yàrá wà. Ìgbà tí ètò bá parí ni wọ́n ń lọ jẹun, kì í sì í ṣe nínú yàrá náà. Láti ìgbà tí ilé kẹta ti wà, ògiri ló pín àsè àti ètò níyà. Ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀jì kàn ń kọjá sí Connaught Rooms lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni.

Àjòjì padà wọlé

Orúkọ tí ilé náà kọ́kọ́ jẹ́ ni Masonic Peace Memorial, ìyẹn Ohun Ìrántí Àlàáfíà ti àwọn Fírímésìn. Nígbà tí ogun kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, wọ́n padà sí orúkọ àtijọ́, Freemasons' Hall. Ó ṣe kedere ìdí.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà ni kò ya ẹni tó ti ka ìtàn gbọ̀ngàn inú ọgbà lẹ́nu. Ilé tóbi, ìtọ́jú rẹ̀ wọ́n, àjòjì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ilé ọnà àti ilé ìkàwé wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀. Wọ́n ń mú àlejò rìn yíká, dé inú Tẹ́ḿpìlì Àgbà pàápàá. Àwọn tó ń ṣe àfihàn aṣọ ní London Fashion Week ti lò ó. Nínú eré tẹlifíṣọ̀n Spooks, ojú ilé yìí ni wọ́n fi ṣe ojú ọ́fíìsì MI5, àjọ aṣọ́ra abẹ́lẹ̀ ti ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dùùrù ńlá tí Henry Willis kọ́ sínú tẹ́ḿpìlì ní ọdún 1933, ilé iṣẹ́ Harrison & Harrison tún un ṣe tó sì parí ní ọdún 2015, àwọn ará ìta sì ń wá gbọ́ ọ níbi eré orin bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ọdún 1784.

Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìkọ́lé ti gba ẹrù náà. Ẹni tó wá wo àfihàn aṣọ kò ní gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú lọ́ọ̀jì tó ń pàdé ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀ kejì, ariwo rẹ̀ kò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Sandby kò ní àyè fún èyí. Ọgbà ẹ̀yìn ilé ọtí ni wọ́n fún un.

Ohun kan ni wọn kò yanjú, bóyá wọn kò tilẹ̀ fẹ́ yanjú rẹ̀: àyè ìjókòó 1,700 kò gba ẹgbẹ́ náà ní ọjọ́ ayẹyẹ ńlá. Nígbà tó pé ọ̀ọ́dúnrún ọdún ní 2017, Royal Albert Hall ni wọ́n tún lọ. Ìpàdé mẹ́rin ọdún ni Tẹ́ḿpìlì Àgbà wà fún, ní Wẹ́sìdeè kejì oṣù kẹta, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án àti oṣù kejìlá, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ń fi àwọn olóyè jẹ ní Wẹ́sìdeè tó kẹ́yìn oṣù kẹrin. Ní àwọn ọjọ́ náà, àlejò kì í dé ibi ilẹ̀kùn idẹ.